Oríkì Ilé Wa Nínú Tẹlifíṣọ̀n

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí inú ṣe ń bí ará Èrúwà, kó má wulẹ̀ lọ sí kóòtù. Kó lọ sábẹ́ àtíbàbà Màmá Yẹ́misí, níbi tí àwọn obìnrin ti ń bó ẹ̀gúsí, láàárọ̀ ọjọ́ Ajé tó bá tẹ̀ lé ìrọ̀lẹ́ Àìkú tí tẹlifíṣọ̀n bá ṣe *Ìloro Kò Gbà Mí*. Ẹnu wọn a máa ṣiṣẹ́ ju ọwọ́ lọ. Èèpo ẹ̀gúsí a máa fò, èébú náà a máa fò.

"Ẹ má dárúkọ fíìmù yẹn sí mi létí mọ́. Ẹni tó kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀, wọn kò kọ́ ọ nílé."

"Wọ́n ní ọmọ Igbó-Ọrà ni."

"Ọmọ Igbó-Ọrà, ìlú ìbejì? A jẹ́ pé ó ní ìkejì. Kí wọ́n lọ mú ìkejì rẹ̀ wá kó wá ṣàlàyé fún wa."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé inú. Olúwayẹ́misí Adétóyìn, ọmọ ìyá tó ni àtíbàbà, tẹ orí mọ́lẹ̀, ó ń bó tirẹ̀ lọ. Ó ti ka ìwé dé NCE, ṣùgbọ́n òwò ẹ̀gúsí ìyá rẹ̀ ló yàn. Ohun tí àwọn obìnrin yìí kò mọ̀ ni pé ẹni tó kọ ìwé náà gan-an ni Babáfẹ́mi Ògúnrìndé, olùkọ́ tó ń fẹ́ ẹ sọ́nà, àti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló kù kí wọ́n ṣe ìdáná.

Ìtàn inú ìwé náà kò le. Obìnrin kan bá ọkọ rẹ̀ jà láàárọ̀, ó fi ìbínú sọ pé kó máa lọ, kó má sì padà wá mọ́. Ọ̀kadà pa ọkọ náà lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Ìyá ọkọ ní ẹnu obìnrin náà ló pa ọmọ òun, ó sì lé e jáde tòun tọmọ ọwọ́. Nígbà tó wà nínú ìwé, àwọn olùkọ́ àti oníwàásù nìkan ni wọ́n ń jà lé e lórí. Àwọn kan ní ó tú àṣírí ìwà ìkà wa, àwọn kan ní ó ń kọ́ ìyàwó ní àfojúdi. Nígbà tó di ti tẹlifíṣọ̀n, gbogbo ìlú ló di adájọ́.

"Ìyàwó tó fi ẹnu ara rẹ̀ lé ọkọ lọ, kí ni wọ́n fẹ́ kí ìyá ọkọ ṣe fún un? Kó gúnyán fún un ni?"

"Kó má lé e jáde pẹ̀lú ọmọ ọwọ́, ohun tí mo mọ̀ nìyẹn."

"Dákẹ́ jàre! Ìwọ ńkọ́, ṣé ìwọ gba ìyàwó ọmọ tìrẹ mọ́ra?"

Ẹnì kan tí kò tíì sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ wá gbé igbá rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ̀yin ń sọ ti ìyàwó. Ṣé ẹ kò gbọ́ oríkì tí ìyá ọkọ yẹn fi ń yin ilé rẹ̀ lánàá, nígbà tó ń ti obìnrin náà síta? *Ọmọ ẹlẹ́gúsí mẹ́fà tí í fi ìkeje tọrẹ, ọmọ aṣílẹ̀kùn-de-àlejò*."

Ọwọ́ gbogbo wọn dúró. Wọ́n yíjú sí Yẹ́misí lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí ilé méjì tó ń jẹ́ oríkì yẹn ní Èrúwà. Ilé Ẹlẹ́gúsí ni, ilé bàbá rẹ̀.

* * *

Ọdún márùn-ún sẹ́yìn ni Babáfẹ́mi kọ́kọ́ wá sábẹ́ àtíbàbà yìí, ìyá rẹ̀ ló rán an wá ra ẹ̀gúsí. Ó ra kọ́ńgò mẹ́fà. Yẹ́misí wọn mẹ́fà, ó tún wọn ọ̀kan lé e.

"Ẹ ti ṣì í kà, àǹtí," ni Babáfẹ́mi wí.

"N kò ṣì í kà. Ilé wa kì í ta mẹ́fà kó má fi ìkeje ṣe èènì. Ó wà nínú oríkì wa."

Ó ní kó ki oríkì náà fún òun. Ojú tì í díẹ̀, ṣùgbọ́n ó kì í. Ọkùnrin náà dúró bí ẹni tí wọ́n ń ka Ìwé Mímọ́ fún. Nígbà tó di ọjọ́ ọjà mìíràn, ó tún dé, ó tún ra mẹ́fà. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀karùn-ún, ìyá rẹ̀ ní Igbó-Ọrà bi í pé, "Babáfẹ́mi, ṣé o fẹ́ ṣí búkà ni?" Ìyá Sàrátù, aládùúgbò àwọn Yẹ́misí tó ń ta aṣọ, tí ojú rẹ̀ kì í fo nǹkan kan, ló pe Yẹ́misí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ẹ̀gúsí kọ́ ni bọ̀dá yìí ń rà. Bí ìwọ náà bá fẹ́ ẹ, n ó bá yín ṣe alárenà. Ṣùgbọ́n ará Igbó-Ọrà ni o. Ọjá méjì ni kí o rà."

Báyìí ni ìfẹ́ wọn ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ kan tí òjò ká wọn mọ́ ọ̀nà Ìdèrè, wọ́n ya sábẹ́ òrùlé ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti tì. Ẹni tó wà nítòsí wọn ń fi máṣíìnì ránṣọ, ìró rẹ̀ sì mú kí Yẹ́misí sọ ohun tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Nígbà tí òun wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà, Bọ̀dá Malachi, àbúrò bàbá òun, kú sórí ọ̀kadà, wọ́n sì ní ọ̀rọ̀ ìbínú tí ìyàwó rẹ̀ sọ sí i láàárọ̀ ló pa á. Ọjọ́ kejì ìsìnkú, òun dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, òun sì rí Àǹtí Edith, ìyàwó rẹ̀, tó gun ọ̀kadà, ọmọ lẹ́yìn, máṣíìnì ìránṣọ lórí itan. Òun juwọ́ sí i. Wọ́n ní ó lọ kí àwọn ènìyàn rẹ̀ ní Ayétẹ̀. Kò padà wá títí dòní.

Babáfẹ́mi di ọwọ́ rẹ̀ mú títí òjò fi dá.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ó gbé ìwé náà lé e lọ́wọ́. Yẹ́misí rí máṣíìnì yẹn nínú rẹ̀. Ó sì rí oríkì ilé wọn ní ojú ewé tó gbẹ̀yìn, níbi tí ìyá ọkọ ti ronú pìwà dà, tó sá tẹ̀ lé obìnrin náà dé gáréèjì, tó ń fi oríkì ilé náà bẹ ọmọ ọwọ́ rẹ̀ pé kó padà wálé.

"Ẹ̀bùn rẹ ni," ni Babáfẹ́mi wí. "Ọ̀rọ̀ tó dùn jù tí mo gbọ́ rí láyé mi, mo fi í parí rẹ̀."

Ó yẹ kí Yẹ́misí bá a wí nígbà náà. Kò bá a wí, nítorí ó dùn mọ́ ọn nínú. Bàbá rẹ̀ ńkọ́? Ọ̀gbẹ́ni Obadiah Adétóyìn, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, tó tún jẹ́ bàbá ìjọ, kì í ka ìwé tí kò bá ní ẹsẹ Bíbélì nínú. Ta ni yóò gbọ́?

* * *

Nígbà tó fi máa di ọ̀sán ọjọ́ Ajé yẹn, bàbá ti gbọ́. Ẹni mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ti pè é lórí fóònù. Ọ̀kan nínú wọn ka èsì tí àwọn ènìyàn ń kọ sábẹ́ fíìmù náà lórí Fesibúùkù sí i létí: *Ilé ìkà. Ilé apanilẹ́kún. Bàbá ìjọ kan wà nínú wọn o.* Ó jókòó sí pálọ̀, fìlà rẹ̀ lórí eékún. Màmá Yẹ́misí dúró sí ẹnu ọ̀nà kíṣìnnì, kò jáde, kò wọlé.

"Oríkì, Babáfẹ́mi lè gbọ́ ọ níbikíbi," ni bàbá wí. "Ṣùgbọ́n máṣíìnì. Ta ló sọ fún un nípa máṣíìnì?"

Yẹ́misí kúnlẹ̀.

"Ìwọ ni mò ń bi. Ṣé ìwọ lo sọ fún un?"

"Rárá, bàbá. N kò mọ ẹni tó sọ fún un."

Irọ́ náà jáde lẹ́nu rẹ̀ wẹ́rẹ́. Ohun tó ń bà á lẹ́rù yé e. Bí ó bá ní òun ni, bàbá yóò kọ ọkọ, yóò sì kọ ọmọ pẹ̀lú.

"Ó dára. Kí Ìyá Sàrátù lọ sọ fún un. Kó lọ sórí rédíò ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, kó sọ fún gbogbo Ìbàràpá pé irọ́ ni, pé kò sí ilé kankan tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, kò sí ìdáná. N kò ní í fi ọmọ mi fún ẹni tó fi ilé mi ṣe eré."

Ìyá Sàrátù gun ọ̀kadà lọ sí Igbó-Ọrà lọ́jọ́ kejì, ó sì padà kí wọ́n tó kírun Àsárì. Ó kọ́kọ́ jíṣẹ́ fún bàbá: ọmọkùnrin náà ní òun tọrọ àforíjì, ẹnikẹ́ni kò sọ nǹkan kan fún òun, inú orí òun ni òun ti gbé e jáde, òun yóò sì lọ sórí rédíò. Lẹ́yìn náà ló wá bá Yẹ́misí nídìí kànga.

"Ìgbéyàwó mẹ́tàlá ni mo ti bá wọn ṣe alárenà rẹ̀. N kò tíì rí ọkùnrin tó mọ irọ́ pa báyìí nítorí obìnrin. Ojú rẹ̀ kò tilẹ̀ ṣẹ́. Ṣùgbọ́n irọ́ ni, àbí irọ́ kọ́?"

Yẹ́misí ju korobá sínú kànga, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi.

* * *

Yẹ́misí lọ bá Babáfẹ́mi fúnra rẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Lẹ́yìn tí ilé-ìwé parí ni ó bá a, ó dá jókòó sí kíláàsì tó ti ṣófo. Àwọn ọmọ iléèwé ti kọ *Ìloro kò gba Tíṣà* sára pátákó ìkọ̀wé, kò sì tíì nù ún.

"Ìpàdé àwọn òbí fẹ́ kí wọ́n gbé mi kúrò níhìn-ín," ló wí. "Ìyá mi pàápàá ní òun kò lè lọ sọ́jà. Èmi fi oríkì yín sẹ́nu ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀, Yẹ́misí. Àwọn onífíìmù ni wọ́n gbé e sẹ́nu ẹni tó ń lé ènìyàn. Wọ́n ní ó dùn jù níbẹ̀."

"Mo mọ̀."

"Bàbá rẹ ńkọ́? Ṣé ó mọ̀?"

"Kò ka ìwé náà."

"Ó dára. N ó lọ sórí rédíò."

"Bí o bá sọ pé irọ́ ni, Àǹtí Edith ńkọ́?"

"Bí n kò bá sọ ọ́, ìwọ ńkọ́?"

Ó sọ ọ́ tìbínú-tìbínú, ó sì yíjú sí fèrèsé. Wọ́n jókòó bẹ́ẹ̀, àyè àga kan láàárín wọn, kò sí ẹni tó na ọwọ́ sí ẹnìkejì. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti mọ ara wọn, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí wọ́n bínú síra wọn, Yẹ́misí sì mọ̀ pé òun lòun jẹ̀bi. Ọkùnrin yìí fẹ́ dójú ti ara rẹ̀ níwájú gbogbo ayé kí irọ́ òun má bàa hàn. Ìfẹ́ rẹ̀ gbóná lọ́kàn rẹ̀, ìtìjú sì wà lórí ìfẹ́ náà.

Kò sùn dáadáa títí ọjọ́ Àbámẹ́ta fi mọ́. Bàbá ti gbé rédíò sórí tábìlì láti àárọ̀, ó ti pe àgbààgbà ìjọ méjì láti wá gbọ́. Kí wọ́n tó dé, Yẹ́misí wọlé, ó kúnlẹ̀.

"Bàbá, èmi ni mo sọ fún un."

Bàbá wò ó bí ẹni tí kò gbọ́ èdè tó ń sọ.

"Mo purọ́ fún yín. Òun náà ń purọ́ nítorí mi. Mo ti pè é pé kó má lọ sórí rédíò mọ́."

"Ìwọ!" Bàbá dìde. "Ìwọ ọmọ inú mi, ìwọ lo kó nǹkan ilé wa síta?"

"Ẹ̀yin lẹ gbé máṣíìnì síta, bàbá. Mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo rí yín."

Bàbá gbé ọwọ́ sókè. Ohùn Màmá Yẹ́misí ló dá a dúró, láti ẹnu ọ̀nà kíṣìnnì yẹn kan náà.

"Èmi náà wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, Bàbá Yẹ́misí. Mo sì dàgbà ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ."

Ọwọ́ náà rọ̀ wálẹ̀. Ó pa rédíò, ó ní kò sí ìdáná mọ́, kí ẹnikẹ́ni má dárúkọ ọmọ Ògúnrìndé nínú ilé òun. Ó wọ yàrá lọ. Àwọn àgbààgbà ìjọ dé, wọ́n bá àga òfìfo. Yẹ́misí sunkún débi pé ojú rẹ̀ wú. Ó ti sọ òtítọ́, òtítọ́ sì ti gba ọkọ lọ́wọ́ rẹ̀.

* * *

Ìrọ̀lẹ́ Àìkú kejì lẹ́yìn náà ni fíìmù náà parí. Obìnrin opó náà jókòó sí gáréèjì, ó gbé máṣíìnì lé itan, ọkọ̀ ń kọjá. Orin dé, orúkọ òṣèré bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ó tán.

A lè gbọ́ èébú láti ilé dé ilé. "Ṣé bó ṣe parí nìyẹn?" "Wọ́n fi àkókò wa ṣòfò!" "Ọlọ́run á bi ẹni tó kọ ọ́!"

Bàbá dá wò ó ní pálọ̀. Ó pe Yẹ́misí. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko nìyí tí kò ti bá a sọ̀rọ̀.

"Bó ṣe parí nínú ìwé nìyẹn?"

"Rárá, bàbá. Nínú ìwé, ìyá ọkọ sá tẹ̀ lé e."

Ó pa tẹlifíṣọ̀n. "Mú ìwé náà wá."

Ọjọ́ méjì ló fi kà á, awò lójú, ìka lórí ìlà, bó ṣe máa ń ka lẹ́tà àwọn òbí nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Lọ́jọ́ kẹta, ó ránṣẹ́ sí Ìyá Sàrátù.

"Ẹ̀yin lẹ mọ bí wọ́n ṣe ń lọ bẹ ènìyàn. Ẹ bá mi dé Ayétẹ̀."

"Ta ni kí n sọ pé ó ń bẹ ta ni, bàbá?"

"Ẹ máa bọ̀, mo ní," ni bàbá wí, inú sì bí i, nítorí ó mọ ìdáhùn.

Yẹ́misí bá wọn lọ. Wọ́n bá Àǹtí Edith níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, máṣíìnì aláfọwọ́yí dúdú yẹn wà níwájú rẹ̀, ọ̀dà ara rẹ̀ ti bó. Ó gbójú sókè, ó rí wọn, ó sì ń ránṣọ rẹ̀ lọ. Kò ní kí wọ́n jókòó. Kò fún wọn lómi. Ìyá Sàrátù bẹ̀rẹ̀ sí í kí i, ẹnu rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n bí ẹni tó ń kí ògiri ni. Ọmọ rẹ̀, Tìmílẹ́hìn, tí wọ́n gbé pọ̀n lọ nígbà náà, ti di géńdé ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún. Fóònù ló ń tún ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀. Ojú Bọ̀dá Malachi ló wà lójú rẹ̀.

Bàbá wò ó, ó ṣí fìlà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kì í: "Ọmọ ẹlẹ́gúsí mẹ́fà tí í fi ìkeje tọrẹ, ọmọ aṣílẹ̀kùn-de-àlejò…"

"Mo ti gbọ́ ọ rí, sà," ni ọmọkùnrin náà wí jẹ́jẹ́. "Lórí tẹlifíṣọ̀n. Màmá ní kí n pa á. N kò mọ ìdí rẹ̀."

Bàbá kò lè kì í lọ mọ́. Ó di fìlà mú, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, Yẹ́misí kò sì rí irú rẹ̀ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Àǹtí Edith gé òwú jẹ.

"Ọ̀rọ̀ tí mo sọ fún ọkọ mi láàárọ̀ ọjọ́ yẹn," ló wí, kò wo ẹnikẹ́ni, "gbogbo òwúrọ̀ ni mo ń gbọ́ ọ. Kò sí ohun tí ẹ lè fi jẹ mí níyà tó jù ú lọ. Síbẹ̀, ẹ tún gbé máṣíìnì mi síta." Ó wá yíjú sí Yẹ́misí tó ti kúnlẹ̀. "Ìwọ ni ọmọ tó juwọ́ sí mi?"

"Èmi ni, mà."

"Nínú gbogbo ilé yẹn, ìwọ nìkan. Wọ́n ní wọ́n ń bínú sí ọkọ rẹ nítorí tèmi."

"Wọn kò jẹ́ kó jẹ́ ọkọ mi mọ́, mà."

"Ta ni 'wọn'? Ṣé ìyàwó ilé kò sí ní Ilé Ẹlẹ́gúsí mọ́ ni?" Ó yí ọwọ́ máṣíìnì. "Kí wọ́n mú ọjọ́. Ìyàwó ilé ló ń ṣílẹ̀kùn fún àna. Èmi ni n ó ṣí i."

* * *

Bí àwọn Ògúnrìndé ṣe dé fún ìdáná tí bàbá ti wá gbà sí lóṣù tó tẹ̀ lé e, ìlú ti kún ojú ọ̀nà. Àwọn abẹ̀gúsí Màmá Yẹ́misí wà níbẹ̀, kì í ṣe ìfẹ́ ló gbé wọn wá. Wọ́n fẹ́ rí ẹni tó kọ ìwé, kí wọ́n sì wò ó dáadáa kí wọ́n tó bú u. Babáfẹ́mi dúró láàárín àwọn ènìyàn rẹ̀, òógùn bò ó. Ilẹ̀kùn wà ní títì, gẹ́gẹ́ bí àṣà. Láti fèrèsé yàrá, Yẹ́misí ń wò ó, ó ń gbàdúrà.

Ọ̀kadà kan dé. Àǹtí Edith ló wà lẹ́yìn rẹ̀, máṣíìnì lórí itan, gẹ́gẹ́ bó ṣe lọ. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó gbé máṣíìnì náà sí agbede méjì ìloro, ó sì jókòó tì í. Àwọn abẹ̀gúsí dákẹ́. Kò sí ẹni tó ní kí wọ́n dákẹ́.

Bàbá jáde láti ẹ̀gbẹ́ ilé. "Ìyá Tìmílẹ́hìn, ẹ káàbọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọlé."

"Máṣíìnì ńkọ́?"

"Màá pe àwọn ọmọ kí wọ́n gbé e."

"Ó wúwo," ni Àǹtí Edith wí. "Ẹni tó gbé e síta ló mọ bí wọ́n ṣe ń gbé e."

Bàbá wo àwọn àna, ó wo ìlú. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá máṣíìnì náà mọ́ àyà, agbádá rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀, ó sì gbé e gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, ó gbé e sí pálọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga ara rẹ̀.

Nígbà náà ni Àǹtí Edith dìde. Ó tẹ̀ lé e wọlé, ó gba inú ilé dé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn iwájú, níbi tí Yẹ́misí dúró sí lọ́mọ ọdún mẹ́fà, ó sì fi ọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́.

"Ta ni yín o?" ló kígbe bí ìyàwó ilé ṣe ń kígbe sí àna. "Kí lẹ wá ṣe nílé wa?"